Ojú Ìwé Tí Mo Bà Jẹ́

Iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ló wà nínú àkójọ tí mo kọ́kọ́ fi ń wá iṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni ní kí n ṣe. Mo ya àmì fún ilé kọfí kan tí kò sí níbì kankan láyé. Mo ṣe páálí fún ọṣẹ tí ẹnì kankan ò sè. Mo ṣe ojú ìwé ayélujára fún ilé ìfowópamọ́ kan tó jẹ́ pé inú orí mi nìkan ló ti ṣílẹ̀kùn. Wọ́n rẹwà, mi ò ní purọ́. Àwọ̀ wọn bára mu, lẹ́tà wọn dúró dáadáa, mo sì gbé ife funfun kan sábẹ́ àmì ilé kọfí náà bí mo ṣe rí i tí àwọn ará òkè òkun ń ṣe é. Èmi tí mò ń ṣe gbogbo èyí, Ìlá Ọ̀ràngún ni mo wà, ògì ni mò ń mu láàárọ̀, mi ò sì tíì wọ ilé kọfí rí láyé mi.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun yàtọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà ọjà: kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn oníbàárà. Ìwé ètò ìsìnkú ni mò ń ṣe, àti káàdì ìgbéyàwó, bánà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò sì fi ọ̀kan ṣoṣo sínú àkójọ náà. Ojú ń tì mí. Mo rò pé bí agbanisíṣẹ́ kan l'Ékòó bá rí fọ́tò màmá arúgbó tó wé gèlè lórí ìwé ìsìnkú, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì kọjá sórí ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkójọ yẹn jọ, eré ni mo fi ń ṣe, mo kàn fẹ́ kí ayé mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Màmá wa ti kú tipẹ́, èmi nìkan ni mo kù nílé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ gbé e dìde, lọ bọ́ ọ, lọ yí i padà. Oníbàárà tó bá bá ilẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta kò ní wá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé n'Ìbàdàn ló pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Tí ọdún yìí bá fi parí tí o ò rí iṣẹ́ gidi tí o lè jókòó nílé ṣe, màá wá gbé Bàbá sọ́dọ̀ mi. Ìwọ náà á lè lọ wá iṣẹ́ l'Ékòó. O ò lè máa fi ìgbà èwe rẹ ṣòfò báyìí." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó tiẹ̀ tọ̀nà, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n àjà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, bàbá mi sì jẹ́ ẹni tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á dúró kí i, tí òun náà á sì béèrè àwọn ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá gbé e lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ta ló máa kí i? Nígbà tí a sọ fún un, ó ní, "Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti rí pé ó dáa náà ni."

Báyìí ni eré di ọ̀ràn. Mo fi àkójọ iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún náà ránṣẹ́ síbi tó pọ̀. Àwọn kan ò fèsì rárá. Àwọn kan fi lẹ́tà kan náà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn dá mi lóhùn. Oṣù ń lọ, mo sì ń fi iṣẹ́ ìrọ́ míì kún un, mo rò pé kò tíì pọ̀ tó ni.

Obìnrin kan ló wá fèsì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi jọ ọ̀rọ̀ èèyàn. Èkó ló wà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ètò orí fóònù tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ rẹ dáa, ṣùgbọ́n mi ò rí èèyàn kankan nínú iṣẹ́ rẹ. Ta ló lò ó? Èwo lo ṣe tí kò dáa, báwo lo sì ṣe tún un ṣe? Tí o bá ní irú rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí."

Inú bí mi gan-an. Mo jókòó ti bàbá mi lọ́dẹ̀dẹ̀, mo ń bá fóònù jà: ta ní ń gba èèyàn síṣẹ́ nítorí ohun tó bà jẹ́? Bàbá mi ní kí n ka ìwé náà sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ báyìí: "Obìnrin yẹn... ó kà á ná." Ó tọ̀nà. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló ka iṣẹ́ mi dé ìparí.

Èwo ni mo ṣe tí kò dáa? Kò gba ìrònú. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Ó ti tó ọdún méjì sẹ́yìn. Ìdílé kan ní Òkè-Ìlá ṣe òkú màmá wọn. Ọmọ méje ni màmá náà bí, ìdálẹ̀ ni gbogbo wọn wà àfi àgbà wọn obìnrin, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀rà. Ìyàwó àbíkẹ́yìn wọn ló ń gbé nílé pẹ̀lú màmá. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ títí ó fi kú, òun náà ni wọ́n sì rán sí mi. Ó gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú fọ́tò màmá nínú báàgì dúdú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní kó máa pe orúkọ àwọn ọmọ fún mi bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Ó ní, "Kọ Adúmáadán." Mo kọ ọ́. Ó ní Akọ̀wé ló tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó pe Opélẹ́ńgẹ́, ó pe Eyínfúnjowó, ó pe Bàbá Kékeré, ó ń pè wọ́n lọ.

Ọmọ ilẹ̀ wa tó bá ń kà á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ ló bá nílé lọ́jọ́ tó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ọ́ lórúkọ míì. Ẹni tó dúdú tó ń dán á di Adúmáadán, ẹni tó fẹ́ràn ìwé á di Akọ̀wé. Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Orúkọ gidi ọ̀gá ilé ìwé yẹn kò lè ti ẹnu rẹ̀ jáde kódà bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn.

Èmi náà sì mọ̀. Nígbà tó dé orí Opélẹ́ńgẹ́, ọwọ́ mi dúró. Mo gbójú sókè wò ó. Òun náà wò mí, bí ẹni tó ń retí ìbéèrè. Ṣùgbọ́n àmì ilé kọfí yẹn wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn ìwé tí mò ń tẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwọ̀ tó máa bá a mu ni, ara mi ń ya gágá láti padà sídìí rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo ní, "Ó ku ta ni, mà?"

Mi ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé Ìlá kí ilẹ̀ tó ṣú. Pásítọ̀ wọn, àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìlú náà, ka orúkọ àwọn ọmọ òkú síta bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́: "Ìyáàfin Adúmáadán. Ọ̀gbẹ́ni Akọ̀wé àti ìdílé rẹ̀." Ẹ̀rín bú jáde láti ẹ̀yìn. Àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fi ìwé ètò bo ẹnu. Òun sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò pariwo. Ó gbé ìwé náà lé tábìlì, ó ní, "Ta ló ní kí o kọ èyí?" Mo fún un ní èsì tí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀wé ti há sórí: "Bí wọ́n ṣe pè é fún mi ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, mà." Ó mú ìwé rẹ̀, ó lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n pe ìyàwó yẹn jáde níwájú ẹbí, wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òkú ni, ó sì kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kú. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń ya ife kọfí.

Mo yí ọwọ́ iṣẹ́ mi padà lẹ́yìn ìyẹn, ó kéré tán. Mo ṣe fọ́ọ̀mù kan, mo fi ìlà pín in sí méjì. Apá òsì ni orúkọ tí ìyàwó ilé ń pè é. Apá ọ̀tún ni orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́. Ìyàwó ilé á kọ́kọ́ kún apá tirẹ̀, á wá gbé e fún ọmọ ilé kan kó kún apá kejì. Mi ò sì ní tẹ ìwé òkú kankan títí ẹ̀dà kan á fi wà lára ògiri ilé náà fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe lè fi báírò fà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ìyàwó kì í ṣi ipò àgbà. Àwọn ọmọ ilé gan-an máa ń jiyàn lórí ẹni tó ṣáájú nínú àwọn ọmọ bàbá kan náà, ṣùgbọ́n apá òsì kì í yẹ̀. Ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè ṣì í.

Èyí ni mo wá jókòó kọ fún obìnrin Èkó. Mo yọ ilé kọfí kúrò, mo yọ ọṣẹ, mo yọ ilé ìfowópamọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin péré ló kù, gbogbo wọn ló ní ẹni tó lò ó, ìwé òkú Òkè-Ìlá ló sì ṣáájú: ojú ìwé tó bà jẹ́ pẹ̀lú orúkọ gidi wọn tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fọ́ọ̀mù tó ti inú rẹ̀ jáde, àti bí wọ́n ṣe ń lò ó báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ báyìí pé, "Oníbàárà mú orúkọ tí kò tọ́ wá." Bàbá mi gbọ́ pé fọ́tò òkú wà níbẹ̀, ó ní mi ò gbọdọ̀ fi òkú olókùú ránṣẹ́ sí Èkó láìtọrọ àyè. Oṣù ku ọjọ́ mẹ́ta.

Mo gbé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, láptọ́ọ̀pù ni, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìlá. Ìyàwó náà ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dá mi lóhùn, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi kí n jókòó. Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá, títí kan ti bàbá mi àti Ìbàdàn. Ó ní, "Kà á fún mi."

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Mo ń yí i sí Ìgbómìnà wa bí mo ṣe ń kà á lọ, òun sì ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó dáa. Níbo lo kọ ọ́ sí pé ìwọ náà mọ̀?"

Mo tún ojú ìwé náà wò láti òkè.

"O gbójú sókè nígbà tí mo pe Opélẹ́ńgẹ́," ló wí. "Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ti mọ̀, ó máa bi mí báyìí. Tó o bá bi mí ni, mo máa pe ọmọ kan lórí fóònù kó sọ orúkọ wọn fún ọ. O ò bi mí. Mo wá rò pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ti ní orúkọ wọn níbòmíì."

Mo ní, "Mo mọ̀, mà. Mò ń kánjú ni."

"Kí lò ń kánjú lọ ṣe?"

Kò sí ohun tó nira fún mi rí láyé tó ìdáhùn yẹn. Mo sọ fún un pé mò ń ya àwòrán fún ilé kọfí kan. Ó béèrè ibi tí ilé kọfí náà wà. Mo ní kò sí. Kò rẹ́rìn-ín, ì bá sì sàn kó rẹ́rìn-ín. Ó ṣan ọwọ́, ó so ìdí aṣọ rẹ̀ le. Ó ní, "Fọ́tò màmá, èmi gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kí o sọ èyí fún. Jẹ́ ká lọ sí Ọ̀rà."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní fi pamọ́. Tí ọ̀gá ilé ìwé yẹn bá kọ̀, mi ò ní iṣẹ́ tó bà jẹ́ kankan tí màá fi ránṣẹ́. Tó bá sì sọ ọ́ síta pé mo mọ̀ tí mo dákẹ́, ta ló tún máa gbé ìwé òkú rẹ̀ wá bá mi? Àwa méjèèjì wà lórí ọ̀kadà kan, èmi ni mo wà lẹ́yìn, mò ń ronú pé mo ṣì lè bọ́ sílẹ̀ kí n padà sílé.

Ọ̀gá ilé ìwé wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ìyàwó náà kúnlẹ̀ ní àtẹ̀gùn, ó kí i. Kò dá a lóhùn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: pé ọwọ́ mi dúró lórí kọ̀ǹpútà, pé mo wò ó, pé mo mọ̀, pé iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó bẹ̀ mí ni mò ń kánjú lọ ṣe, pé mo ti ẹ̀bi sí ẹni tí kò jẹ̀bi. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Kì í ṣe èmi ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, o ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Mà." Ó tún un pè bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. "Ó ti di ọdún méjì tí o ti ń pè mí ní mà."

Ìyàwó náà tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ má bínú, Adúmáadán mi."

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sunkún nínú wọn, torí omi ti bo ojú èmi náà. Ọ̀gá ilé ìwé dìde, ó fà á lọ́wọ́ dìde, ó ní kó wọlé lọ bu oúnjẹ. Nígbà tó ku àwa méjì, ó bá mi wí, ó bá mi wí dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló sì tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé láptọ́ọ̀pù wá. Ó wo ojú ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni kí o bò. Èyí tí ìyàwó mi sọ mí, fi í sílẹ̀ kí wọ́n rí i."

Mo pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo mọ̀ pé orúkọ náà kò tọ́, mo sì dákẹ́ nítorí pé mò ń kánjú." Mo fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí oṣù parí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin Èkó yẹn pè mí lórí fóònù, a ń rí ojú ara wa. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mo ti ilẹ̀kùn dé ìdajì, jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò béèrè nípa àwọ̀, kò béèrè nípa lẹ́tà. Ojú ìwé kan yẹn náà ló ń bi mí. Ó ní òun ti wo àkójọ tó pọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín kò ṣi nǹkan kan ṣe rí láyé rẹ̀. Ó bi mí pé tí ìyàwó bá gbé ìyá ọkọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní kó pe orúkọ rẹ̀, kí ló máa ṣe? Mo ní kò ní pè é, á máa wò yín lójú ni. Mo rí i tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. A sọ̀rọ̀ débi pé mo gbàgbé pé ìdánwò ni.

Ọjọ́bọ̀ ni èsì wọlé. Wọ́n fẹ́ dán mi wò fún oṣù mẹ́ta, ilé ni màá ti máa ṣe é, tó bá sì dáa, á di iṣẹ́ gidi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n ka ìwé náà fún òun, mo kà á, ó wá ní kò sí ìdí tí òun á fi wá gbé Bàbá mọ́.

Mo lọ bá bàbá mi lọ́dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ti wà láàárín orí. Mo jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ fún un pé mo ti rí iṣẹ́ tí mo lè máa jókòó tì í ṣe.

Ó ní, "Ìbàdàn ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ ò lọ mọ́, Bàbá. Ibí lẹ máa wà."

Kò rẹ́rìn-ín, kò súre fún mi. Ó kàn gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó ní kí n jọ̀wọ́ gbé òun wọlé, oorun ń kun òun. Mo gbé e wọlé, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Bàbá mi kì í sùn lọ́sàn-án. Ó sùn lọ́jọ́ yẹn títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti dárúkọ Ìbàdàn, kò tíì fọkàn balẹ̀ sùn.